Orúkọ ìdílé Sima ti ilẹ̀ Ṣáínà

Àbẹ̀kẹ́ Gwarinpa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Li, Wang àti Zhang ni mo mọ̀ mọ́ àwọn ará Ṣáínà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Idu, ṣùgbọ́n "Sima" ni wọ́n kọ sára akoto ọ̀gá wa tuntun. Níbo ni orúkọ yìí ti ṣẹ̀ wá?

Bàbá Kubwa: Oyè ni, ọmọ mi. Ìjòyè tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun láyé ìjọba Zhou, ìran ọba kan ní Ṣáínà àtijọ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan jẹ ẹ́ lábẹ́ Ọba Xuan, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì sọ ọ́ di orúkọ ìdílé, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn Sima Qian ṣe kọ ọ́ nípa ìran tirẹ̀.

Àlàó Zuba: Wọ́n tilẹ̀ jọba: Sima Yan ló dá ìjọba Jin sílẹ̀ lọ́dún 266. Sima Guang (1019 sí 1086), òpìtàn àti ìjòyè, ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, ọmọ kan já sínú ìkòkò omi ńlá, àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òun sì fi òkúta fọ́ ìkòkò náà, omi tú jáde, ọmọ yè.

Àbẹ̀kẹ́ Gwarinpa: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣé Sima Qian yẹn ni ọba ní kí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá?

Bàbá Kubwa: Òun ni, torí pé ó gbèjà ọ̀gágun Li Ling tó túúbá fún ọ̀tá. Síbẹ̀, ó kọ ìwé ìtàn rẹ̀ parí.