Ilé-iṣẹ́ kan ní òun yóò bá mi gba páténtì: ṣé kí n sanwó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wẹ́dà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí sì ni oníbàárà mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ ṣe, títí mo fi rí ọgbọ́n tí ó jẹ́ kí obìnrin kan ṣoṣo lè fún un gbẹ láìfi agbára púpọ̀ ṣe é.

Lóṣù tó kọjá ni ilé-iṣẹ́ kan pè mí. Wọn kò tíì rí ẹ̀rọ náà rárá, síbẹ̀ wọ́n yìn ín gidigidi, wọ́n sì ní kí n san ₦350,000 kí wọ́n lè bá mi gba páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ òfin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ohun tí ènìyàn hùmọ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, kí wọ́n sì wá olówó tí yóò rà á. Ìyìn yẹn ni ó kọ́kọ́ já mi láyà.

Mo mọ̀ pé Àbújá ni wọ́n ti ń forúkọ páténtì sílẹ̀, pé 20 ọdún ni ó ń lò, àti pé nǹkan tuntun ni òfin ń béèrè, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti fi han gbogbo ayé, mo lè ba ẹ̀tọ́ mi jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1999 ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ iye oníbàárà wọn tí ó jèrè kí wọ́n tó bá ènìyàn ṣàdéhùn. Mo béèrè èyí lọ́wọ́ wọn, wọn kò dáhùn. Ńṣe ni wọ́n ní kí n yára sanwó.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ti lo agbẹjọ́rò fún irú èyí ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù? Ṣé kí n kúkú lọ sí NOTAP, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, fúnra mi?