Ṣé lóòótọ́ ni agbára akọ pọ̀ jù lára mi?

Ọmọ Kúbwà:
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Àbújá, mo sì ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkùnrin tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń fẹ́ra sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé agbára akọ ti pọ̀ jù lára mi, nítorí pé èmi ni mo yan ibi tí a ti lọ jẹun ní Jabi, tí mo sì sanwó oúnjẹ náà. Ó ní obìnrin tó bá fẹ́ kí ọkàn ọkùnrin fà sí òun gbọ́dọ̀ máa lo agbára abo: kó máa gbà, kó má ṣe máa darí. Orí fóònù ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi obìnrin náà sì ti ń sọ ọ́. Ṣé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Olùkọ́ Kàdúná:
Ó ní orísun, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tà á ti yọ ìdajì rẹ̀ sọnù. Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland tó kú ní 1961, kọ́ni pé ìrísí obìnrin kan fara sin nínú ọkàn ọkùnrin, èyí tó pè ní anima, àti pé ti ọkùnrin náà wà nínú ọkàn obìnrin, tó pè ní animus. Ó fẹ́ kí ènìyàn mọ ìkejì yìí dunjú, kò ní kí ó pa á. Ní 1974, Sandra Bem, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n kan jáde tó ka ìwà tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin àti èyí tí a mọ̀ mọ́ obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan lè ní méjèèjì lọ́pọ̀ yanturu.

Ìyá Oníṣòwò, Kánò:
Ọmọ mi, àwọn ìyá wa tó wá ta ọjà ní Sábọ́n Gàrí kò dúró kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀nà fún wọn, wọ́n sì lọ́kọ. Ẹfúnróyè Tinúubú ṣòwò iyọ̀, tábà àti ìbọn (òwò ẹrú tó ṣe kò ṣeé yìn ní tèmi o) kó tó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, síbẹ̀ Ọba Adélé ti Èkó wà lára àwọn tó fẹ́ ẹ. Ta ló sọ fún un pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù?

Ará Lugbe:
Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Mama, ṣùgbọ́n n kò gbà tán. Ọkùnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà pé òun ni kó máa náwó, ojú á tì í nígbà tí obìnrin bá sanwó níwájú agbáwo, pàápàá ní Àbújá níbí, tí owó ilé ọdún kan lè gba owó oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ló ń dùn ún, tó wá fi ẹ̀kọ́ orí fóònù bò ó mọ́lẹ̀. N kò dá a lẹ́bi nípa ìtìjú yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í, arábìnrin: bí ó bá fẹ́ kí ẹ máa gbà, kí ni òun ń fún yín, yálà owó, àkókò tàbí ìpinnu?

Ọmọ Kúbwà:
Ẹ ṣé gan-an. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ará Lugbe ni mo rántí pé kò tíì yan ibì kankan fún wa rí. Mo ti sọ fún un pé òun ni yóò yan ibi tí a ó lọ ní Sátidé.