Háàdì kọ̀ǹpútà mi ń ró "kẹ́ kẹ́ kẹ́", ṣé ó ti fẹ́ kú ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà, Windows 7 ló ṣì wà lórí ẹ̀, háàdì 500GB, níbi tí gbogbo fáìlì ń gbé, ló wà nínú ẹ̀. Látọjọ́ tí iná ti lọ tó dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú 10 ni kò ti gbádùn mọ́. Bí mo bá tàn án, màá fọ abọ́ tán kó tó lajú. Láàárọ̀ yìí mo gbé etí mọ́ àpótí ẹ̀, mo gbọ́ "kẹ́... kẹ́... kẹ́", bí ẹni ń fi èékánná ta tábìlì, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń bá wa tún un ṣe ní kóun fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kóun nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀. Ètò ìsìnkú àti káàdì ìpè ọdún mẹ́fà ló wà níbẹ̀ o!

Ọmọ Ìkẹjà: Mà, ẹ má jẹ́ kó fọ́máàtì nǹkan kan! Ẹ ò gbọdọ̀ lo chkdsk náà, ìyẹn irinṣẹ́ Windows tó ń yẹ háàdì wò, ńṣe ló máa fi iṣẹ́ pa aláìsàn. Ẹ pa á títí ẹ ó fi rí ibi tẹ́ ẹ máa kó fáìlì sí.

Alátẹ̀wé: Ṣé kì í ṣe wáyà SATA, èyí tó so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, ni? Tèmi ṣe báyẹn lọ́dún tó kọjá, mo pààrọ̀ wáyà, ó tán.

Ọmọ Ìkẹjà: Wáyà kì í ró kẹ́ kẹ́. Orí tó ń ka àwo inú háàdì ló ń wá ọ̀nà ẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n kó lè dá wa lójú, ẹ so háàdì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kẹ́ ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara háàdì ṣe rí. Ẹ wo àwọn ìlà tó bá kọ: bó bá jẹ́ ìlà C7 ló ń pọ̀ sí i, wáyà ni. Bó bá jẹ́ ìlà 05 àti C5, ara àwo ló ti bàjẹ́.

Bàbá Àgbà: Níjọ́sí, ọ̀rá la fi ń wé e, ká gbé e sínú fírísà mọ́jú.

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tì wọ́n síbẹ̀. Bó bá jáde, omi á sẹ̀ sára ẹ̀, ó parí nìyẹn. Mà, ṣé BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí bẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ṣì ń rí i? Bí kò bá rí i mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣí háàdì nínú yàrá tí kò ní eruku ni. Bó bá ń rí i, ẹ fi Linux, ètò tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣiṣẹ́ dípò Windows, sórí fíláàṣì, kẹ́ ẹ lo irinṣẹ́ ddrescue láti dà á kọ sórí háàdì tuntun. Ibi tó dára ló máa kọ́kọ́ kó, á wá padà sí ibi tó le. Ẹ má gbàgbé máàpù fáìlì ẹ̀ o, òun ló ń rántí ibi tó dé bí iná bá lọ.

Ìyá Ìbejì (ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà): Ọlọ́run á san án fún yín. Yẹ́lò, ìyẹn ìkìlọ̀, ni CrystalDiskInfo fi hàn, C5 ni. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ yẹn, ibi tó dé náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wọlé, àyàfi fódà kan tó kọ̀ jálẹ̀. Oníbàárà tó ni ín ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi gbàdúrà.