Ṣé Indonésíà ni mo ń gbọ́ láago mọ́kànlá alẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi rédíò ṣọdẹ ilé-iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Rédíò kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá mi fi ń gbọ́ ìròyìn nígbà ayé wọn. Kò ní nọ́ńbà tó ń tàn lójú. Abẹ́rẹ́ pupa kan ló ń rìn lórí ìlà bí mo bá ti ń yí bọ́tìnnì rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí aago mọ́kànlá lù tán, tí abẹ́rẹ́ náà wà láàárín 9 àti 10 lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ èdè tí n kò gbọ́ rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni "selamat pagi", èyí tí fóònù mi túmọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" ní èdè Indonésíà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnìkan ń kí mi káàárọ̀ nígbà tí gbogbo ará ilé mi ti sùn. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú tí ariwo fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni rédíò tó wọ àpò dàńsíkí lè gbọ́ Jakarta tó wà ní Indonésíà láti Ìkẹ́rẹ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe tí n óò fi gbọ́ ọ dáadáa, tí yóò sì dá mi lójú?

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì:

Àbúrò, ó ṣeé ṣe. Láti Èkìtì dé Jakarta lé ní 11,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ìgbì ṣọ́ọ̀tì-wéèfù kì í fi ilẹ̀ rìn. Òkè ló ń lọ, yóò bá ìpele kan pàdé lójú òfuurufú tó ń ta á padà sílẹ̀, ilẹ̀ tàbí òkun yóò tún ta á sókè, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fò títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ́sàn-án, ìpele mìíràn tó wà nísàlẹ̀ èyí a máa gbé ìgbì mì, pàápàá àwọn tí nọ́ńbà wọn lórí ìlà rédíò kéré, àmọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ yẹn a pòórá. Nítorí náà, àkókò tí òkùnkùn bo ọ̀dọ̀ tiwa àti ọ̀dọ̀ tiwọn pọ̀ ni kí o máa wá. Jakarta fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wa. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Èkìtì ní nǹkan bí aago méje ku díẹ̀, òru ti jìn lọ́hùn-ún. Oòrùn tiwọn kì í sì í yọ títí aago wa yóò fi sún mọ́ méjìlá òru. Ní Papua, apá ìlà oòrùn Indonésíà, tó fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa, àǹfààní náà kúrú púpọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù nílé wa. "Ẹ káàárọ̀" tí o gbọ́ kò ṣàjèjì, aago márùn-ún ìdájí ti lù ní Jakarta nígbà náà.

Apá ìlà oòrùn gan-an ni Jakarta wà sí wa, ó kàn tẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù. Wá wáyà bàbà bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ta á láti àríwá sí gúúsù kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè kọjú sí ìlà oòrùn, bó ẹnu rẹ̀, kí o sì lọ́ ọ mọ́ éríà rédíò náà. Má ṣe gbé e sún mọ́ wáyà iná, kí o sì tú u bí òjò bá ti ń ṣú. Pa gílóòbù LED, yọ ṣájà fóònù lára ògiri, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe ariwo tó bo obìnrin rẹ mọ́lẹ̀. Ní àdúgbò tèmi, ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni rédíò mi ń gbádùn jù, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ sókè, torí èmi nìkan ni inú mi ń dùn nínú òkùnkùn.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ìkọ̀lé-Èkìtì:

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Síbẹ̀, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè ìdánilójú. Àbúrò mi, ẹni tó gbọ́ èdè Indonésíà kò tíì gbọ́ Indonésíà. Kòríà Gúúsù, Japáàn àti Ṣáínà ń sọ èdè yìí lórí rédíò tiwọn, wọ́n sì mọ ìgbà tí àwọn ará Jakarta ń jí. Èdè Màléṣíà tún fara jọ ọ́ gan-an. Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rí. Dúró di orí wákàtí, kí o sì tẹ́tí sí "Radio Republik Indonesia", tí wọ́n ń gé kúrú sí RRI, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n kéde òmìnira wọn. Apá tó ń bá òkèèrè sọ̀rọ̀ ń jẹ́ Voice of Indonesia. Ìkànnì 9525 kHz (9 orí ìlà rédíò rẹ ni 9000 kHz) ni a mọ̀ ọ́n mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn a máa yà díẹ̀ nígbà náà, tó fi jẹ́ pé lórí 9526 ni a ti máa ń bá wọn. Abẹ́rẹ́ pupa kò lè fi irú ìyàtọ̀ yìí hàn ọ́.

Láyé àtijọ́, ọdẹ yìí dùn ju báyìí lọ. Erékùṣù wọn lé ní 17,000, nítorí náà ìlú kéékèèké ní ilé-iṣẹ́ RRI tirẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, wọ́n sì máa ń fi orin Rayuan Pulau Kelapa ti Ismail Marzuki pa ètò dé lálẹ́. Palangkaraya, ní erékùṣù Borneo, wà lórí 3325. Radio Nigeria tiwa ní Èkó wà lórí 3326. Ẹ ro ẹni tó jókòó ní Èkìtì tó ń wá ti Borneo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Èkó! Ó di ìgbà tí Èkó bá palẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú kéékèèké wọ̀nyẹn ti fi ṣọ́ọ̀tì-wéèfù sílẹ̀ fún FM àti íntánẹ́ẹ̀tì, yunifásítì kan sì ti wà báyìí lórí ilẹ̀ RRI ní Cimanggis, níbi tí òpó éríà wọn dúró sí tẹ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè lo àwọn rédíò ẹlòmíràn tí ẹ lè máa yí láti ibi tí ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí Yunifásítì Twente ní Netherlands gbé kalẹ̀ ní ọdún 2008. Ẹ ṣí èyí tó wà ní Éṣíà, ẹ yí i títí ẹ ó fi bá ohùn kan náà tó ń bọ̀ lára rédíò yín, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì hàn kedere.

Tíṣà Àgbà, Adó-Èkìtì:

Kí ó fi í wádìí, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí rédíò ẹlòmíràn gbọ́ ní Éṣíà, kí ó má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ọdẹ tirẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Wọ́n mú iná lọ ní alẹ́ àná, mo sì ti ta wáyà láti etí òrùlé dé ara igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Obìnrin náà dé láago mọ́kànlá géérégé, ohùn rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ "KBS World Radio", lẹ́yìn náà ló dárúkọ Seoul lẹ́ẹ̀mejì. Kòríà ni! Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ̀yin lẹ jàre. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí díẹ̀. Ní báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí rédíò tó ń fi nọ́ńbà hàn rà ní Adó, tí owó rẹ̀ kò ní ga jù? Mo fẹ́ mọ ibi tí 9526 wà gan-an.