Òṣogbo ni àbí Abẹ́òkúta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aládìrẹ ni mí, yàrá kan ni mo ní ní Múṣin. Orí okùn ojú fèrèsé ni mò ń sá aṣọ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi aró kán sára léèsì funfun ìyá tó wà nísàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Mo fẹ́ kó lọ sí ìlú tó rẹwà, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà pọ̀ sí.

Mo ti dé Òṣogbo. Nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, mo dúró ti àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò ńbẹ̀. Àmọ́ ọjà Balógun ní Èkó ni àwọn oníbàárà mi wà. Abẹ́òkúta ló súnmọ́ Èkó jù, rélùwéè ń débẹ̀, àdìrẹ sì kún ọjà Ìtòkú níbẹ̀, bóyá ó ti kún jù fún àlejò bíi tèmi. Ìdànrè wù mí nítorí òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Nínú Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, èwo ni kí n kó lọ tí n kò fi ní pàdánù oníbàárà? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.