Búráúsà wo lẹ fi ń ṣiṣẹ́, kí lojú yín sì ti rí nídìí rẹ̀?

Oníkàfé, Kútọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn "èló lẹ ń tẹ ojú ewé kan?", ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí jù ni pé búráúsà wo ló yára jù. Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, torí mo máa ń sọ fún wọn pé ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Chrome, Edge, Opera, Brave, orí Chromium, ìpìlẹ̀ búráúsà tí Google ń darí, ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn lé. Opera ní ẹ́ńjìnnì tara rẹ̀ (ohun tó ń sọ kóòdù ìkànnì di ojú ewé tí à ń wò) nígbà kan, ó pa á tì lọ́dún 2013. Edge tí Microsoft gbé jáde ní 2015 náà ní tirẹ̀, àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2020, Chromium lòun náà ń lò. Nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lórí Windows, Firefox nìkan ló ṣì ń dá tirẹ̀ ṣe. Gecko lorúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Torí náà, bí ẹnìkan bá búra fún mi pé Edge yára ju Chrome lọ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ohun tí mo máa ń wò ni ohun tí wọ́n kó yí ẹ́ńjìnnì náà ká: báwo ló ṣe ń jẹ mẹ́mọ́rì sí, báwo ló ṣe ń jẹ dátà sí, kí ló sì ń tọ́jú nípa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga?

Ti ìkẹyìn yìí ló ká mi lára jù, nítorí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò ni tèmi. Lọ́jọ́ kan, màmá kan jókòó pé òun fẹ́ wo ímeèlì òun. Bó ṣe ní kí òun ṣí i báyìí, ti ọkùnrin tó lo kọ̀ǹpútà náà ṣáájú rẹ̀ ló já sí. Màmá ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó pe orúkọ tó rí níbẹ̀ sókè, ó ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yín? Wọ́n ti gbà yín síṣẹ́ o! Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ wá!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a sì ń kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kú oríire. Inú ọkùnrin náà dùn nígbà tí mo pè é lórí fóònù. Àmọ́ ká ní ìwé báńkì rẹ̀ ni màmá kà síta ńkọ́?

Guest, ìyẹn ipò àlejò, ni mo fi ń ṣí Chrome àti Edge fún oníbàárà báyìí. Tí wọ́n bá ti ti fèrèsé rẹ̀ pa, ibi tí wọ́n lọ àti àkáǹtì tí wọ́n wọ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn. Ní Firefox, inú Settings ni mo ti ní kó máa nu kúkì (ohun tí ìkànnì fi ń rántí ẹni tó wọlé) dànù nígbàkígbà tí wọ́n bá tì í. Fáìlì tí oníbàárà bá dáwùnlóòdù nìkan ni mo ṣì ń fọwọ́ ara mi pa rẹ́ nírọ̀lẹ́, torí Guest kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ìwé ẹ̀rí, NIN, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kù sínú Downloads.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé ní tiwọn gbà pé àféẹ̀rí ni Incognito, fèrèsé Chrome tí kì í tọ́jú ibi tí ẹ lọ. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti di ẹni tí ojú ò rí! Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Búráúsà yìí nìkan ló ń gbàgbé yín. Ilé iṣẹ́ tí a ń ra dátà lọ́wọ́ wọn ṣì lè rí ìkànnì tí ẹ lọ, ìkànnì náà fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé ẹnìkan wá. Àní lọ́dún 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ rẹ́ kí wọ́n lè parí ẹjọ́ tí àwọn èèyàn pè é ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ Incognito yìí kan náà.

Fún ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ti dàgbà bí àwọn kan nínú tèmi: Chrome 109 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló gba Windows 7 kẹ́yìn. Firefox 115 ni mo fi sórí àwọn àgbà yẹn, nítorí Mozilla tó ni Firefox ṣì fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ESR rẹ̀ (èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú pẹ́) lẹ́yìn tí Google ti jáwọ́. Wọ́n ń rọra rìn, àmọ́ wọ́n ń rìn.

Ẹ sọ ohun tí ojú tiyín rí.

Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá wa. Èmi ò mọ ẹ́ńjìnnì, dátà ni mo mọ̀. Nínú ọjà tí a wà yìí, tó bá ti di ọ̀sán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn máa rá pálá ni. Opera Mini ni mo fi ń gbà á. Ọmọ mi ló là á yé mi pé ojú ewé tí mo bá béèrè kì í wá sórí fóònù mi tààrà. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn Opera ló ń gbà kọjá, wọ́n á fún un pọ̀, á kéré, kí wọ́n tó tì í sí mi. Mo sì rí i pé dátà ń pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni kò jẹ́ kí n lè fi ṣe gbogbo nǹkan. Oníbàárà kan láti Èkó fi línkì aṣọ kan ránṣẹ́, ó ní irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ yìí lòun fẹ́, kí n dá owó lé e. Mo ṣí i, gbogbo rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Mi ò lè mọ̀ bóyá ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ sí i ni àbí páànù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe owó kan náà. Mo gbé línkì náà sínú Chrome, mo fi ìka méjì fẹ àwòrán rẹ̀. Háà! Gbogbo ìlà ló gún régé, kò sí ibì kan tí aró ti yọ́ wọ inú funfun, òdòdó tó wà lápá òsì àti èyí tó wà lápá ọ̀tún kò fi bí orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ síra. Ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ yẹn jáde, kò tilẹ̀ rí ìkòkò aró rí. Mo sọ fún oníbàárà, ó ní wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun níbi tóun ti rí i. Ẹlẹ́kọ gidi ló padà rà lọ́wọ́ mi.

Opera Mini wà fún ìròyìn àti fún bíbéèrè iye ọjà. Ohun tí mo bá fẹ́ fi ojú mi yẹ̀ wò dáadáa, Chrome ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, bọ̀dá. Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù kì í lọ lórí Opera Mini? Mo kọ orúkọ, mo kọ àdírẹ́sì, mo yan ìpínlẹ̀, ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti yẹ kó yọ jáde ṣófo kalẹ̀.

Oníkàfé, Kútọ̀

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. JavaScript, kóòdù kan tó wà nínú ojú ewé, ló ń mú irú àpótí yẹn ṣiṣẹ́. Ní ipò tí wọ́n ń pè ní Extreme, èyí tó ń fún dátà pọ̀ jù, kì í ṣe fóònù yín ló ń ṣe JavaScript, àwọn kọ̀ǹpútà Opera lọ́hùn-ún ni. Wọ́n á ṣe é fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á fi ohun tó bá ti jáde ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ bá wá yan Ògùn, tí ó sì yẹ kí Odẹ̀da àti Ọbáfẹ́mi Owódé yọ, kò sí ẹni tó máa ṣe é lórí fóònù.

Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò dátà nínú rẹ̀, ẹ yí i kúrò ní Extreme sí High, tàbí kí ẹ pa á pátápátá títí ẹ fi máa kọ fọ́ọ̀mù tán. Ohunkóhun tó bá sì ní owó tàbí páswọ́ọ̀dù nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Extreme ṣe é. Ojú ewé náà ní láti ṣí lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó lè fún un pọ̀. Mi ò ní wọ́n ń jalè o, mo kàn ní ẹni kẹta wà láàárín yín àti báńkì ni.

Akọ̀wé, Ìbarà

Ẹ má tíì sìnkú Internet Explorer. Microsoft ti pa á tì lóòótọ́ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, àmọ́ níbi iṣẹ́ wa, ètò ìṣirò owó kan wà tí kò mọ búráúsà mìíràn. Ẹni tó kọ ọ́ ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún un kọ. Inú Edge ni mo ti ń ṣí i, nípò tí wọ́n ń pè ní IE mode, tó ń mú kí Edge ṣe bí Internet Explorer.

Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé ìkànnì tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún àkójọ IE mode, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ń lò níbẹ̀. Lóṣooṣù, ọ̀gá á pariwo láti yàrá wọn: "Akọ̀wé, ó tún ti bàjẹ́!" Màá lọ, màá tún un fi síbẹ̀, wọ́n á sì kí mi bíi pé mo jí òkú dìde. Mi ò tíì ṣàlàyé fún wọn. Microsoft ti ní àwọn ò ní mú IE mode kúrò títí di ọdún 2029 ó kéré tán, torí náà iṣẹ́ mi ṣì wà.

Èyí tó ń dà mí láàmú gan-an ni Gmail méjì. Ti ọ́fíìsì àti tèmi ń wọnú ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ni ìwé ìnáwó ọ́fíìsì á bọ́ sínú Drive tèmi. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe sí i?

Akẹ́kọ̀ọ́, Camp

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bọ̀dá oníkàfé, ẹ fi tàwọn oníPhone kún un. Nínú yàrá wa, wọ́n ń jà lórí Chrome àti Safari lójoojúmọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé níbi tí a wà yìí, WebKit, ẹ́ńjìnnì ti Apple, ló wà nínú méjèèjì, torí Apple ló ní dandan ni. Láwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni òfin ti kọ́kọ́ mú kí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ lọ́dún 2024. Wọ́n ní mò ń jowú torí Android ni mò ń lò.

Ṣé ẹ mọ àwọn ìkànnì tí a ti ń wá ìbéèrè ìdánwò àtijọ́? Ẹ máa débẹ̀, ẹ máa rí "Download" aláwọ̀ ewé gbẹ̀ǹgbẹ̀ lókè, òmíràn láàárín, òmíràn tó ń paná tó ń tàn nísàlẹ̀. Ìpolówó ni gbogbo wọn. Ojúlówó rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà tín-tìn-tín, aláwọ̀ eérú. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa tẹ aláwọ̀ ewé, áàpù kan tí kò bèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, fóònù ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Firefox ni mo gbé sórí fóònù mi, mo fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, sí i. Ojú ewé kan náà tí mo tún ṣí, gbogbo àwọn aláwọ̀ ewé yẹn ti pòórá, ó ku ẹyọ kan aláwọ̀ eérú. Chrome orí Android kì í gba irú àfikún bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí kọ̀ǹpútà pàápàá, Google ti yí òfin àfikún rẹ̀ padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní Manifest V3, uBlock Origin tó pé kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. uBlock Origin Lite, tí agbára rẹ̀ kò tó tiẹ̀, ló kù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí: kí gbogbo èèyàn kó lọ sórí Firefox.

Olùkọ́ èdè, Aké

Mo gbè ọ́ lẹ́yìn, ọmọ mi, àmọ́ ìdí tèmi yàtọ̀. Mò ń wá "Ògùn" nínú ìwé gígùn kan nípa odò wa, búráúsà ń kó ogun Dahomey àti ogún bàbá ẹni fún mi. Ní Firefox, tí ẹ bá tẹ Ctrl àti F, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀, Match Diacritics. Mo fi àmì sí i, odò nìkan ló kù. Mi ò rí irú rẹ̀ nínú Chrome.

Oníkàfé, Kútọ̀

Àbúrò mi tó wà ní Camp, gbogbo èèyàn kọ́ o. Àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé Chrome nìkan lẹni tó kọ wọ́n fi dán an wò. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, tí èrò tò dé títì, mi ò lè máa fi Firefox bá ìkànnì tó kọ̀ jálẹ̀ jà. Chrome ni mo máa ṣí, oníbàárà á gba ìwé rẹ̀, á máa lọ. Tí mo bá délé, Firefox lèmi náà ń lò láti ka ìròyìn.

Akọ̀wé, ti Gmail méjì yìí ò le. Ní Chrome tàbí Edge, ẹ tẹ àwòrán orí kékeré tó wà lókè fèrèsé, ẹ fi profile tuntun kún un, kí ẹ wọ àkáǹtì ọ́fíìsì síbẹ̀ nìkan. Fèrèsé ọ̀tọ̀ ni yóò máa ní, páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, ìtàn ọ̀tọ̀. Ẹ fún un ní àwọ̀ mìíràn kí ojú yín lè tètè dá a mọ̀. Pupa ni mo fi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá fẹ́ràn Firefox, ẹ wá àfikún tó ń jẹ́ Multi-Account Containers, Mozilla fúnra wọn ló ṣe é. Inú fèrèsé kan náà ni Gmail méjèèjì á wà, tábù kan fún ọ́fíìsì, tábù kan fún yín, wọn ò sì ní mọ ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àkáǹtì ọ́fíìsì lórí èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Drive á ṣì máa dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.