Mo wọlé sílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí: báwo ni ọdún àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí?

Ọmọ Aláró, Òṣogbo

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. Orúkọ mi ti jáde nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ọlọ́dún mẹ́ta, oṣù tó ń bọ̀ la sì máa wọlé. Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan nínú ẹbí wa tí mo lè bi léèrè. Aró ni màmá mi ń rẹ níbí, òun náà ni ìyá wọn rẹ. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn di aṣọ, tí mo ń bá wọn tì í bọ ìkòkò aró.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé lọ́dún àkọ́kọ́ yìí náà ni wọ́n á ti ní kí n gbẹ̀bí? Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń bímọ rí. Nígbà tí àbúrò mi fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ lọ́dún tó kọjá, òòyì ló kọ́ mi, mo ní láti jókòó sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní kírẹ́díìtì márààrún tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí Físíìsì já mi kulẹ̀. Ṣé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú: èékánná mi ò funfun, aró ti wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń yẹ èékánná wò. Ṣé wọn ò ní lé mi padà?

Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Agbẹ̀bí Òkè-Fìà

Ọmọ mi, o kú oríire. Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbẹ̀bí, Òṣogbo yìí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe rí fún mi ni màá sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti èékánná, torí mo rí i pé òun ló wà lọ́kàn rẹ jù, bó o tilẹ̀ fi í sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa lé ọ torí aró. Èékánná gígùn, èyí tí wọ́n kùn àti èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni wọ́n ń wá, torí abẹ́ wọn ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Gé tìrẹ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń hù ni aró á máa bá a jáde. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ gan-an ni awọ ọwọ́ rẹ. Omi eérú àti sódà tí wọ́n ń fi sí aró máa ń jẹ awọ. Ọwọ́ tó bá ti là wẹ́wẹ́, ọ̀nà ló là sílẹ̀ fún àrùn, látara aláìsàn sí ìwọ, látọwọ́ tìrẹ sí aláìsàn. Láti òní lọ, wọ ìbọ̀wọ́ kó o tó ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró màmá rẹ, kó o sì máa fi òrí pa á lálẹ́.

Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀. Má rò pé kí ló wà nínú ọwọ́ fífọ̀. Ní 1847, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà nílé ìwòsàn kan ní Vienna. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí wà ní èkejì. Àwọn ìyálọ́mọ ń kú lọ́dọ̀ àwọn dókítà ju ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí lọ. Dókítà Ignaz Semmelweis wádìí rẹ̀ títí, ó wá rí i pé ibi tí wọ́n ti ń la òkú làwọn dókítà ti ń bọ̀ tààrà wá sọ́dọ̀ aboyún. Ó ní kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po klórín sí fọwọ́, ikú náà sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo máa ń rántí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn tí mo bá dúró nídìí ẹ̀rọ omi.

Wọn ò ní ní kó o gbẹ̀bí lọ́dún àkọ́kọ́. Kíláàsì ló máa pọ̀ níbẹ̀rẹ̀: ẹ̀yà ara, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kòkòrò àrùn, oúnjẹ aṣaralóore, bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹ̀mí kí wọ́n tó gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn. PTS la máa ń pe sáà àkọ́kọ́ yẹn, ìdánwò tó wà ní òpin rẹ̀ sì le. Nígbà tiwa, ẹni tí kò bá yege ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ni. Àwọn tó yege ni wọ́n dé fìlà fún.

Ní ti ìṣirò, èyí tí wàá máa ṣe lójoojúmọ́ kò ju àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Bí obìnrin bá ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ni òun rí nǹkan oṣù òun kẹ́yìn, wàá ka oṣù mẹ́sàn-án, wàá fi ọjọ́ méje lé e: ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ni kó máa retí ọmọ. Wàá ṣírò oògùn náà, wàá ka bí omi ṣe ń kán nínú dírípù. Farabalẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ni egungun ìbàdí. Olùkọ́ wa gbé èyí tí wọ́n fi ike ṣe wá pẹ̀lú bèbí. Ẹnu ọ̀nà òkè rẹ̀ fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ju iwájú sí ẹ̀yìn lọ, 13 sẹ̀ǹtímítà sí 11. Nísàlẹ̀, ó yí padà: iwájú sí ẹ̀yìn ló wá di 13, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ di 11. A ti bèbí náà gbọọrọ, ó há. A yí orí rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì kọjá wẹ́rẹ́. Bí ọmọ ṣe ń yíra padà kó tó wáyé nìyẹn. Mo ti gbọ́ "kí á bí wẹ́rẹ́" láti kékeré nínú àdúrà. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ọ̀nà tí wẹ́rẹ́ náà ń gbà. Tí egungun yẹn bá dé ọwọ́ rẹ, má jẹ́ kí wọ́n yára gbà á.

Ní wọ́ọ̀dù, wàá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ọ́, wàá gbé bẹ́ẹ̀dìpánù, wàá wọn ara gbígbóná àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ kó o kẹ́gàn níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan fún ọ. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe àǹtìnétà, aboyún kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Sísítà mú mi wọ yàrá kékeré kan lẹ́yìn, ó kó Pinard lé mi lọ́wọ́. Ohun kan tó rí bí fèrè ni, ẹnu kan fẹ̀, ìdí kejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀yìn ọmọ wà nínú ikùn, torí ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ dáadáa. Mo gbé e lé ikùn, mo gbé etí lé e. Ìfun ló ń kùn. Mo sún un. Nǹkan kan ń dún fìn-ìn, fìn-ìn. Mo kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, mo kọ 88 sínú káàdì. Mo mọ̀ ọ́n sórí pé láàárín 110 sí 160 ni ti ọmọ ń wà, ṣùgbọ́n ayọ̀ pé mo gbọ́ nǹkan kò jẹ́ kí n ronú.

Sísítà kò pariwo mọ́ mi. Ó gbé ìka mi lé ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, ó ní, "Gbọ́ ti inú, kó o máa ka ti ọwọ́." Méjèèjì jọ ń lọ déédéé. Ìyá ni mo ń kà látàárọ̀. Ó sún Pinard wá sísàlẹ̀ lápá òsì, ó ní kí n yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kó jẹ́ etí nìkan ló dì í mú. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ, lókèèrè, kíákíá, bí ẹni ń fi ọmọ ìka lu gángan. 142. Mo gbójú sókè, obìnrin náà ń wò mí. Mo ní, "Ó wà ńbẹ̀, mà." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Oyún tó ní ṣáájú èyí ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

Títí dòní, mi ò ka ọkàn ọmọ láìdi ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ọmọ Fáásítì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un fáwọn tó bá ń ka èyí tó jẹ́ pé fáásítì ni wọ́n ń lọ. Ọdún márùn-ún ni tiwa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sí i, ìgbẹ̀bí wà nínú rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tiwa kò fojú jọ ti ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí rárá. Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni, pẹ̀lú àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo yunifásítì jọ ń ṣe. Mo ra sítẹ́tósíkóòpù lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, inú àpótí ló wà títí ọdún fi yí po.

Ọmọ Aláró, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o béèrè kó o tó sanwó: ṣé Nursing and Midwifery Council fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣé orúkọ rẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ fún índẹ́sì, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Council náà? Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ààlà. Ẹni tí kò bá ní índẹ́sì kò lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo mọ ẹnì kan tí ojú rẹ̀ rí màbo torí kò béèrè.

Ìyá Ìbejì

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, mo kàn bímọ mẹ́rin ni. Nígbà tí mo fi ń rọbí àwọn ìbejì, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ń pè. Kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn, òun náà ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ń fi aṣọ tútù nu ojú mi, ó ń fún mi lómi mu, ó ń bá mi sọ Yorùbá tó yé mi. Ọmọ mi, tí obìnrin bá ní orí ń fọ́ òun, ojú ń ṣú òun, má wulẹ̀ sọ fún un pé bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Sáré pe àwọn ọ̀gá rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi, bí mo ṣe wí báyìí gan-an ni mo wí, ẹnì kan ló ní kí n lọ sùn. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ọmọ Aláró

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti ra ìbọ̀wọ́ lánàá. Ọmọ Fáásítì, mo pè wọ́n nípa índẹ́sì, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Ó ku ti ẹ̀jẹ̀ o. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí.

Agbẹ̀bí Òkè-Fìà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ wọn sọ́kàn. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú ṣíṣú, ara wíwú, inú ríro lápá òkè: gìrì lè tẹ̀ lé e. Èdè Yorùbá ni wọ́n máa fi sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì lo fi kọ́ ọ. Etí rẹ gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀ níbi tó o dúró sí.

Ní ti òòyì, jẹun kó o tó lọ sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀kọ àti àkàrà tó. Má na orúnkún le gbandi tó o bá dúró pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọ wọ lébọ̀ rúùmù láti wòran, ibi orí ìyá ni kó o dúró sí, kì í ṣe ibi ẹsẹ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Iṣẹ́ gidi nìyẹn: obìnrin tí ẹnì kan bá dúró tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí dé òpin sábà máa ń tètè bí, iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù. Tí òòyì bá dé, jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó o sì sọ fún wọn.

Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ a máa dín kù tó o bá ti mọ̀ ọ́n wọ̀n. Tó bá ti tó 500 mìlílítà lẹ́yìn tí obìnrin bímọ, a ti kà á sí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn, 50 cl. Ojú tí kò mọṣẹ́ máa ń fojú kéré rẹ̀, pàápàá tó bá wà lára aṣọ. Olùkọ́ wa máa ń po omi pupa, á dà á sórí aṣọ, á ní ká sọ iye tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà á nínú wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ ọmọ aláró, o ti mọ bí aṣọ ṣe ń mumi. Gbìyànjú ẹ̀ nílé.

Ọmọ Aláró

Mo ṣe é nírọ̀lẹ́ yìí. Mo bu omi aró tó ti lò tán kún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, mo dà á sórí àkísà ìró màmá mi lẹ́yìn ilé. Màmá wá dúró tì mí, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń fi aṣọ ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní àwọn ì bá pè é ní ìlàjì ọ̀rá. Èmi náà ì bá pè é bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti wọnú aṣọ, ìwọ̀nba ló hàn lójú.

Agbẹ̀bí Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, màmá ọmọ wa. Lọ́la, da ọ̀rá méjì sórí irú ìró kan náà, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Lẹ́yìn náà, da ọ̀kan sórí sìmẹ́ńtì lásán.